Bí Ẹ̀rọ Kékeré Ṣe Lè Gbọ́ Ohùn Gìtá

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní Dùgbẹ̀, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Àgbowó, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìlù àti orin ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ gìtá ni ọ̀rọ̀ tòní.

Ní ọdún 1983, tí King Sunny Adé gbé àwo Synchro System jáde, ni àwọn tí ń ṣe ohun èlò orin ní Amẹ́ríkà àti Japan fi ẹnu kò lórí èdè kan tí àwọn ẹ̀rọ orin yóò máa fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. MIDI ni wọ́n ń pè é. Nọ́ḿbà ni ohùn kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ nínú rẹ̀. Okùn gìtá tí ó nípọn jù lọ, bí ìka kò bá tẹ̀ ẹ́, 40 ni. Èyí tí ó tín jù lọ, 64.

Èyí kò ṣòro fún dùùrù, nítorí ẹ̀rọ mọ ibi tí ọwọ́ tẹ̀. Ṣùgbọ́n etí ni ẹ̀rọ yóò fi gbọ́ gìtá, bẹ́ẹ̀ ni àyè ìrántí tí ó wà nínú ọpọlọ Arduino Uno R3 kò ju báìtì 2,048 lọ.

Àwọn kan rò pé kí ẹ̀rọ kàn máa ka iye ìgbà tí ìgbì ohùn gòkè ti tó. Kò tó rárá. Bí odindi okùn ti ń gbọ̀n, ìdajì rẹ̀ náà ń gbọ̀n. Ẹ̀rọ a ka méjì dípò ẹyọ kan, a sì gbé ohùn lọ sí dò ti òkè. Àgbẹ̀ tí ó béèrè ọkọ́ tí a gbé ọkọ̀ wá fún mọ irú àṣìṣe yìí.

Ọ̀nà tí ó dára ni kí a gbé ìgbì náà lé ara rẹ̀, kí a máa sún un díẹ̀díẹ̀, bí aránṣọ ti ń sún àǹkárá títí àwòrán yóò fi bára mu. Ibi tí ó ti bára mu ni gígùn ìgbọ̀n kan. Kí ẹ̀rọ má ṣe ìsọdipúpọ̀; ìyọkúrò tó fún iṣẹ́ yìí. Bí ó bá ń wọn ìgbì ní ìgbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbọ̀n méjì okùn nínípọn kò tó òṣùwọ̀n 200. Lẹ́yìn èyí, kò sí ìṣirò lọgarídìmù kankan: kí a ti kọ gígùn ohùn kọ̀ọ̀kan sínú tábìlì sílẹ̀, kí ẹ̀rọ kàn wò ó. Lórí okùn títín, ìyàtọ̀ ohùn kan sí èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju òṣùwọ̀n kan lọ, nítorí náà ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ṣírò àárín òṣùwọ̀n méjì pẹ̀lú.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò ni ìdádúró. Olórin a ta okùn, ohùn a pẹ́ lẹ́yìn onílù, wọn a sì lọ ra ọpọlọ ẹ̀rọ tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ MIDI kan kì í gbà tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá láti kọjá. Okùn nínípọn ni ó ń lọ́ra: ìgbà 82 ni ó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbọ̀n méjì sì gba ìdá 24 nínú ẹgbẹ̀rún. Kò sí ọpọlọ ẹ̀rọ tí ó lè gbọ́ ohun tí okùn kò tíì wí. Ṣùgbọ́n bí a bá fi okùn títín rọ́pò rẹ̀, tí a fà á dé dò ti òkè, tí ẹ̀rọ sì yọ 12 kúrò nínú nọ́ḿbà kí ó tó fi ránṣẹ́, ìdádúró yóò di ìdajì. Iye owó okùn kan ṣoṣo ni yóò sì náni.