Ẹ̀rọ Tí Ń Fọ Wúrà àti Ààbò Àwọn Ọmọṣẹ́ Wa

Ọ̀rọ̀ láti ẹnu àwa oníṣòwò wúrà ní Sabon Gari, Kánò

  Owó tí a fẹ́ fi kọ́ gbọ̀ngàn wa, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ó pé.

Wọ́n ní kí àwa tí ń ta wúrà, tí a sì ń tún un ṣe, sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí iṣẹ́ wa. A kò kàwé púpọ̀. Ìwé mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ nínú wa kà. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa rí ti kọ́ wa lọ́gbọ́n, òun ni a fẹ́ sọ.

Nígbà tí àwa ń kọ́ṣẹ́, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ni a fi ń fọ wúrà. Lónìí, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní ultrasonic. Àwo irin ni, a ń da omi àti ọṣẹ sínú rẹ̀, a sì ń fi iná mànàmáná sí i. Ohun kan wà lábẹ́ àwo náà tí ń gbọ̀n. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ó ń gbọ̀n tó ìgbà 40,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Etí ènìyàn kì í gbọ́ ìró tó bá ju 20,000 lọ. Gbígbọ̀n yìí ń mú kí ìfófó wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí máa yọ nínú omi, kí ó sì máa bẹ́. Bí ó ti ń bẹ́ ni ó ń ṣí ìdọ̀tí kúrò níbi tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé. Ẹ̀rọ náà dára, ó dín wàhálà wa kù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun ìṣeré.

Ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀kan nínú wa, ọmọṣẹ́ kan rò pé bí ọṣẹ bá lè fọ wúrà, pẹtiróòlù yóò fọ̀ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò béèrè, ọ̀gá kò sì sọ fún un tẹ́lẹ̀. Ó da epo sínú àwo, ó tan ẹ̀rọ. Kò pẹ́, iná sọ. Apá ọ̀tún ọmọ náà jó dé ìgbọ̀nwọ́. A dúpẹ́ pé kò kú, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ méjì kò ká mọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé láti Ìkìrun, ilẹ̀ ni gbogbo wa ń wò. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọmọ. Tiwa ni, àwa ọ̀gá tí a ra ẹ̀rọ tí a kò kọ́ ọmọ ní ìlò rẹ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Nítorí náà, ohun tí a ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ wa nìyí:

Èkínní, a kò gbọdọ̀ da pẹtiróòlù, tínà tàbí sípíríìtì sínú ẹ̀rọ yìí láéláé. Ẹ̀rọ náà ń gbóná, òórùn epo sì ni iná ń gbá mú. Omi àti ọṣẹ tó yẹ fún un ti tó.

Èkejì, ọwọ́ kò gbọdọ̀ wọ inú omi nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Gbígbọ̀n náà ń wọ inú ara, ó sì lè ba á jẹ́. Inú agbọ̀n rẹ̀ ni kí a kó wúrà sí, kí a pa ẹ̀rọ kí a tó fi ẹ̀mú mú un.

Ẹ̀kẹta, kí a yọ wáyà kúrò lára iná kí a tó da omi sí i tàbí kí a tó dà á nù. Kí ìdérí wà lórí rẹ̀, kí fèrèsé sì ṣí.

Ẹ̀kẹrin, bí iná bá jó ènìyàn, omi tútù tí ń ṣàn ni kí a fi sí ojú ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú, kí a sì gbé e lọ sí ọsípítù. Kí a má fi epo pupa tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á.

Ó ku ti ẹrù oníbàárà. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òkúta ni kí a wò kí a tó rì í sínú omi. Iyùn, péálì àti òkúta tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀rọ yìí. Bẹ́ẹ̀ ni emerald, nítorí wọ́n sábà máa ń fi òróró dí ojú sísán ara rẹ̀. Iyùn rọ̀, dídán rẹ̀ lè lọ. Ìyàwó ilé kan gbé iyùn ìyá rẹ̀ wá nítorí ìgbéyàwó ọmọ, a sì bà á jẹ́ báyìí. A san owó, ṣùgbọ́n a kò lè san ìyá padà. Aṣọ rírọ̀ àti omi díẹ̀ ni ti iyùn.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí ẹgbẹ́ ni pé, bí gbọ̀ngàn yìí bá parí, kí ẹ fún wa ní ọjọ́ kan lọ́dún láti kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ gbogbo nípa iná àti ẹ̀rọ: aránṣọ, alurinmọ́rin, agbẹ́gilére àti àwa náà. Àwa kò wá lọ́wọ́ òfo. Lẹ́yìn owó tí a dá, a mú ohun ìpaná 2 wá fún gbọ̀ngàn náà. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a lò wọ́n.