Òfin Ni Í Ṣílẹ̀kùn, Olùkọ́ Ni Í Kọ́ Ọmọ



A kò lè ròyìn ọgọ́rùn-ún ọdún ìjọ kan láìmẹ́nu kan ilé-ẹ̀kọ́. Nítorí ní ilẹ̀ wa, níbi tí agogo ìsìn bá ti dún, agogo ilé-ẹ̀kọ́ kì í pẹ́ tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ ni ti ìlànà ẹ̀kọ́ àti àwọn tí ń ṣe olórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọdé. Olóyè S. O. Awókọ́yà ni ó ti gbé àbá náà kalẹ̀ ní 1952. Ní 1954, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò tó 500,000. Ní 1955 wọ́n lé ní 800,000. Iṣẹ́ ńlá ni, a kò sì lè ṣàì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n a lè kọ́ yàrá ní oṣù mẹ́ta. A kò lè kọ́ olùkọ́ ní oṣù mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a rán wọ yàrá wọ̀nyẹn ni kò tíì kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ rárá. Bí kò bá sí àwọn tí a ti ń tọ́ tipẹ́ ní irú ilé bí Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew, tí ó ti wà ní Ọ̀yọ́ láti 1896, ta ni ìbá di iṣẹ́ náà mú?

Ẹ tún rántí Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, olórí Abẹ́òkúta Grammar School láti 1932 títí di 1954, àti ààrẹ àkọ́kọ́ Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Nàìjíríà tí a dá sílẹ̀ ní 1931. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan Ìgbìmọ̀ Elliot ní 1943 láti yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga wò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì kan ṣoṣo tó fún gbogbo wa. Òun wà pẹ̀lú àwọn tí ó pọ̀ jù, tí wọ́n ní kí ó jẹ́ mẹ́ta. Ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ti ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kan náà. Ó dára kí ẹni tí ó mọ ojú akẹ́kọ̀ọ́ máa wà níbi tí a ti ń ṣe ìlànà.

Nítorí náà, nígbà tí a bá ń yan olórí fún ilé-ẹ̀kọ́ tàbí fún yunifásítì, ẹ má jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè ìlú rẹ̀, tàbí ẹni tí ó mọ̀ nínú ìjọba. Ẹ jẹ́ kí a bèèrè irú ènìyàn tí àwọn tí ó ti kọ́ dà. Àti ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín tí ó mọ̀wé jù bá ní iṣẹ́ olùkọ́ ni òun fẹ́ ṣe, ẹ má ṣe fajú ro. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà; bí gbogbo ọlọ́gbọ́n bá sì sá fún pátákó ìkọ̀wé, ta ni yóò kọ́ ọmọ náà?

Kí Olúwa kí ó bùkún gbogbo olùkọ́ wa.