Òkúta Mábù fún Ilẹ̀ Gbọ̀ngàn Ìlú Wa

A pè wá kí a sọ̀rọ̀ lórí òkúta mábù tí ọ̀pọ̀ nínú yín fẹ́ kí a fi tẹ́ ilẹ̀ gbọ̀ngàn ìlú wa. Owó òógùn ojú gbogbo wa ni a ó ná sí i. Nítorí náà ó yẹ kí a mọ irú òkúta tí í ṣe kí a tó rà á.

Mábù lẹ́wà púpọ̀, ó sì wà nínú ilẹ̀ Ìgbẹ́tì ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bí ó ti wà ní Carrara ní ilẹ̀ Ítálì. Ṣùgbọ́n kò le tó bí ojú ti rí i. Nínú òṣùwọ̀n líle òkúta, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 10, mábù wà ní nǹkan bí 3, iyanrìn sì wà ní nǹkan bí 7. Iyanrìn tí ẹsẹ̀ wa bá kó wọlé yóò máa ha á lójoojúmọ́. Ohun kíkan pẹ̀lú a máa jẹ ẹ́, ìbáà ṣe omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́. Àmì tí ó bá kù kì í ṣe ìdọ̀tí tí ọṣẹ lè ṣí; ara òkúta gan-an ni ó ti jẹ.

Àmọ̀ràn wa nìyí. Kí a fi gíránáìtì, tí ó le ju mábù lọ, tẹ́ ẹnu ọ̀nà àti àárín gbọ̀ngàn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà. Kí mábù wà lórí ìtàgé tí àwọn àgbà ń jókòó sí. Kí a má ra èyí tí ń dán bí dígí, nítorí pé bí omi bá dà sí i, a máa yọ ènìyàn ṣubú. Kí a wo etí rẹ̀ pẹ̀lú: ìlà ara mábù tòótọ́ a máa wọ inú lọ, ṣùgbọ́n ti ayédèrú kò ju ojú lọ. Bí ilẹ̀ bá gba táìlì 100, kí a ra 110, kí a fi ìyókù pamọ́ de èyí tí yóò fọ́.

Ní ti ìtọ́jú, kí a fi ẹní ìnusẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, kí a gbálẹ̀ kí a tó nù ún, kí a sì lo ọṣẹ tí kò mú. Bí epo pupa bá dà sí i, kí a nù ún kíá. Oògùn kan wà tí a ń fi pa á lójú kí omi má baà wọ inú rẹ̀. Bí omi tí a kán sí i bá sọ ojú ibẹ̀ di dúdú, àkókò tó láti tún un pa.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nítorí náà a bẹ ẹgbẹ́ pé kí a kọ́kọ́ yan ẹni tí yóò máa tọ́jú ilẹ̀ náà, kí a sì ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀, kí a tó yan òkúta. Bí a kò bá lè ṣe èyí, sìmẹ́ńtì tí a dán dáadáa yẹ wá ju mábù tí a kò lè tọ́jú lọ.

Kí ìlú wa máa tẹ̀síwájú o.