Jíìnì Tó Ń Bá Ibà Jà, Tó Sì Ń Fi Ọpọlọ Ìkókó Sínú Ewu



Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí ní pípé, tí ọrùn wọn kò dúró nígbà tí ẹgbẹ́ wọn ti ń rìn. Etí wọn kò gbọ́ràn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn sì ń lọ́ fúnra wọn. Ìdílé a máa wá ẹni tó ṣe é. Lára àwọn ọmọ wọ̀nyí, ibà pọ́njú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ṣe é.

Ẹ̀jẹ̀ pupa tó bá gbó a máa fọ́, a sì máa tú bilirubin aláwọ̀ ìyeyè jáde. Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà a máa palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ti ìkókó kò tíì lágbára tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, a wọ ọpọlọ lọ, a sì ba ibi tó ń darí ìrìn àti ìgbọ́ràn jẹ́.

Kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ ìkókó kan fi ń fọ́ ju ti èkejì lọ? Lucio Luzzatto, oníṣègùn ará Ítálì tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn láti 1964 sí 1974, gbájú mọ́ G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa. Orí kúrómósómù X ni jíìnì rẹ̀ wà: ọkùnrin ní ẹyọ kan, obìnrin ní méjì. Obìnrin tí ọ̀kan pé tí ọ̀kan lábùkù a máa ní oríṣi ẹ̀jẹ̀ pupa méjì nínú ara kan ṣoṣo. Luzzatto, Usanga àti Reddy yẹ ẹ̀jẹ̀ irú àwọn bẹ́ẹ̀ wò nígbà tí ibà ẹ̀fọn ń ṣe wọ́n. Inú ẹ̀jẹ̀ tó pé ni kòkòrò ibà pọ̀ sí jù. Èsì náà jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 1969.

Ìdí tí àbùkù náà fi gbilẹ̀ láàárín wa ní Nàìjíríà nìyẹn: nǹkan bí ọ̀kan nínú ọkùnrin márùn-ún ló ní in.

Síbẹ̀, jíìnì nìkan kì í sọ ọmọ di arọ. Ọ̀pọ̀ tó ní in kò mọ̀ títí wọ́n fi darúgbó. Ohun mìíràn ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀: ẹ wo kàfúrà inú àpótí aṣọ. Ibà pọ́njú sábà máa ń le láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, nígbà tí ìyá ti kúrò nílé ìwòsàn, tí aṣọ ìsọmọlórúkọ ti ń jáde nínú àpótí. Kàfúrà ara aṣọ yẹn tó láti fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò tó. Lẹ́yìn náà ni omi glúkóòsì, àgbo àti oòrùn àárọ̀ á wá fi ọjọ́ ṣòfò. Ní 2007, Tinuade Ogunlesi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ṣàgámù tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ìkókó tí ibà pọ́njú ti kọlu ọpọlọ wọn, níbẹ̀ àti ní Iléṣà.

Oòrùn wúlò, bí a bá mọ bí a ṣe ń lò ó. Ní ilé ìwòsàn ìgbẹ̀bí Island Maternity, Èkó, Tina Slusher, Bolajoko Olusanya àti ẹgbẹ́ olùwádìí wọn ta àtíbàbà ọ̀rá tó ń sẹ́ ìtànṣán tó léwu kúrò. Wọ́n pín ìkókó 447 sábẹ́ ọ̀rá náà àti sábẹ́ iná ilé ìwòsàn. Èsì 2015: ọ̀rá ṣiṣẹ́ ní ìdá 93 nínú 100 ọjọ́ ìtọ́jú, iná ní 90.

Nítorí náà, ẹ má fi kàfúrà sáàárín aṣọ ìkókó rárá. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ẹ máa wo ẹyinjú àti àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ ní ojúmọmọ. Bí ó bá pọ́n, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Ìdí-Àbà tàbí Làǹtòrò ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì ní kí wọ́n yẹ bilirubin àti G6PD rẹ̀ wò.