Ọmọ Ta Ni Ajá Yìí? Ohun tí Àyẹ̀wò DNA Lè Sọ àti Ohun tí Kò Lè Sọ

Ọ̀rọ̀ ajá ni a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Ó lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ Ìdànrè yóò mọ̀ pé ajá kì í ṣe ẹran kékeré níbẹ̀. Ajá ni ọdẹ ń mú wọ inú igbó tí ó yí àwọn òkè olókùúta náà ká; ajá ni ó ń ṣọ́ abà nínú oko kòkó; ajá náà sì ni Ògún ń gbà ní Ìdànrè, ní Oǹdó àti ní agbègbè wọn. Abájọ tí àwọn àgbà fi ní ajá tí ó rí mọ́tò tí kò sá, ó fi ara rẹ̀ bọ Ògún.

Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa nìyí: bí a bá rí ajá kan tí ìran rẹ̀ dàlú, ǹjẹ́ ọ̀nà wà tí a lè gbà mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá? Ìbéèrè náà kan àpò wa. Lóde òní, àwọn tí a ń pè ní ajá òyìnbó, bí Alsatian, Rottweiler àti Boerboel, ti tàn ká ìlú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Gúúsù Áfíríkà ni Boerboel ti wá. Wọ́n ń gun abo ajá ilé wa, ọmọ sì ń tibẹ̀ jáde. Ẹni tí ó fẹ́ ta irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò búra pé Alsatian ni bàbá rẹ̀. Owó gọbọi ni oníbàárà yóò sì kà sílẹ̀. Èyí tí kò ní bàbá òyìnbó ńkọ́? Bíńgò lásán ni. Egungun àti èébù ni ìpín tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bóyá ojú lásán tó láti fi mọ ìran ajá. Ní ọdún 1965, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, John Paul Scott àti John Fuller, tẹ ìwé kan jáde lórí ìwádìí tí wọ́n ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n mú Basenji, ajá ilẹ̀ Kóńgò tí kì í gbó bí ajá yòókù, wọ́n sì jẹ́ kí ó bá Cocker Spaniel bímọ. Nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí tún bímọ láàárín ara wọn, oríṣiríṣi ìrísí ni ó jáde. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ-ọmọ náà kò jọ Basenji, wọn kò sì jọ Cocker Spaniel. Ní ọdún 2009, Victoria Voith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ajá àmúlùmálà 20 wò ní Amẹ́ríkà. Ìran tí àwọn olùtọ́jú ajá fi ojú pè wọ́n kò bá èyí tí àyẹ̀wò DNA sọ mu nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ má sì gbàgbé pé akọ méjì tàbí mẹ́ta lè gun abo kan ní àkókò kan náà, kí ọmọ inú oyún kan ṣoṣo sì ní bàbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà, ìbúra ẹni tí ń ta ajá kì í ṣe ẹ̀rí.

Báwo wá ni DNA ṣe ń ṣiṣẹ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ orúkọ rẹ̀ nítorí ẹjọ́ ta-ni-ó-lọmọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Nínú ẹjọ́ ọmọ, bàbá tí a ń fura sí wà nítòsí. A ó fi tirẹ̀ wé ti ọmọ, ọ̀rọ̀ sì parí. Nínú àyẹ̀wò ìran ajá, bàbá kò sí nítòsí, bàbá-bàbá sì ti kú tipẹ́. Ìwé àkọsílẹ̀ ni a ó fi ajá náà wé.

Kúrómósóòmù 78 ni ó wà nínú ara ajá, 39 láti ọ̀dọ̀ bàbá, 39 láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí ìran ti ń tẹ̀lé ìran ni à ń gé ogún yìí wẹ́wẹ́, tí ó fi jẹ́ pé bàbá bàbá bàbá ajá kan kò ní ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ lára rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ tẹ DNA abo ajá Boxer kan, Tasha, jáde ní kíkún. Láti nǹkan bí ọdún 2007 ni àyẹ̀wò ìran ajá àmúlùmálà ti wọ ọjà ní Amẹ́ríkà. Òwú tí a wé mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ó fi ra inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ajá. A ó fi ránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà yóò sì fi ègé kọ̀ọ̀kan wé ti àwọn ìran tí ó wà nínú àkọsílẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Bí a bá fún ènìyàn ní ìwé orúkọ àwọn ìdílé Èkìtì nìkan, tí a sì ní kí ó fi wá agbo ilé ọmọ Ìdànrè kan, kò ní ṣàì rí orúkọ tí ó jọ tirẹ̀. Yóò fún un ní bàbá, ṣùgbọ́n bàbá olóhun kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kún fún ajá Yúróòpù ṣe lè pe ajá Ìdànrè ní àdàlù ìran márùn-ún tí ìyá rẹ̀ kò rí rí. Púpọ̀ nínú ìran ajá Yúróòpù kò ju nǹkan bí igba ọdún tí wọ́n ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ajá ilé wa kì í ṣe àdàlù wọn. Ó ti wà kí á tó yà wọ́n.

Ẹ̀rí wà fún èyí. Ní ọdún 2009, Adam Boyko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ajá abúlé 318 wò ní Íjíbítì, Ùgáńdà àti Nàmíbíà. Wọ́n rí i pé àwọn kan jẹ́ ọmọ ajá àtijọ́ tí ó ti wọ Áfíríkà tipẹ́tipẹ́, tí àwọn mìíràn sì ti ní ẹ̀jẹ̀ ajá òyìnbó lára. Ní erékùṣù Puerto Rico, tí wọ́n fi wé wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ti òyìnbó ló gba gbogbo ara ajá ìgboro. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Ṣáínà àti Nàìjíríà jọ tẹ ìwádìí jáde lórí ajá ìbílẹ̀ Áfíríkà, tí ajá Nàìjíríà wà nínú wọn. Wọ́n rí àmì lára DNA wọn pé ara wọn ti bá kòkòrò àrùn ilẹ̀ olóoru jà títí ó fi mọ́ra. Èyí ni ogún tí Bíńgò lásán gbé sára.

Àwọn kan yóò ní, "Àwa kò bèèrè ogún, ajá tí yóò ṣọ́lé ni a ń wá." Ìwádìí kan ti ọdún 2022, tí a fi ajá tí ó lé ní 18,000 ṣe, fi hàn pé ìran kò dá ju nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún lára ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ìwà ajá kan sí èkejì. Ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ kò kéré níbẹ̀.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹni tí ó fẹ́ ra ọmọ ajá, kí ó béèrè láti rí ìyá àti bàbá rẹ̀, kí ó sì gba ìwé abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi kí ó tó sanwó. Ẹ̀yin olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá, ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ní ìwé kan tí wọn yóò máa kọ ajá àdúgbò sí: ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ bí a bá mọ̀ ọ́n, àwọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ bi àwọn ọdẹ tí wọ́n ṣì ń sin ajá àwọn baba wọn ní abà tí ó jìnnà. Lọ́jọ́ tí àwọn onímọ̀ bá mú òwú àyẹ̀wò dé, wọn yóò mọ ajá tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ fi sínú àkọsílẹ̀. Bí a bá sì fi ẹ̀gàn jẹ́ kí ajá òyìnbó bo tiwa mọ́lẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé, Puerto Rico ni a ó jọ. A ó ní ajá nílé, kò sì ní sí ẹ̀rọ kankan tí yóò lè bá wa wá orílẹ̀ rẹ̀ mọ́.