Àwọn tí Wọ́n Tẹ McIntosh Dó

Bí a bá fẹ́ mọ ìtàn ìlú kan, ìbéèrè tí Yorùbá kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé: ta ni ó tẹ̀ ẹ́ dó? Ní McIntosh, àgbègbè oko létí òkun ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní gúúsù Amẹ́ríkà, ìdáhùn ìbéèrè yìí ju ẹyọ kan lọ.

Ní 1736, àwọn ará Scotland tẹ Darien dó lẹ́bàá odò Altamaha. Ní 1739, méjìdínlógún nínú wọn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí a má kó ẹrú wọ Georgia. Ohùn wọn kò lékè. Láti 1751 ni òfin ti gba oko ẹrú láyè. Ọwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ni ó gbin ìrẹsì àti òwú tí ó sọ àwọn olóko di ọlọ́rọ̀.

Ǹjẹ́ ta ni onílẹ̀: ẹni tí ó ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ni, tàbí ẹni tí ó fi òógùn ro ó?

Lẹ́yìn 1865, àwọn tí ó gba òmìnira ra ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì kọ́lé sí Harris Neck àti erékùṣù Sapelo. Gullah, tí wọ́n tún ń pè ní Geechee, ni èdè wọn. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ: nígbà tí Lorenzo Dow Turner kó àwọn orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn nínú ilé jọ sínú ìwé rẹ̀ ti 1949, ó tọpa díẹ̀ nínú wọn dé èdè Yorùbá. Ní Harris Neck, ó gba ohùn Amelia Dawley sílẹ̀, bí ó ti ń kọ orin tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò yé e. Èdè Mende ni. Ní 1990, àwọn olùwádìí bá orin náà ní abúlé kan ní Sierra Leone, níbi tí àwọn obìnrin ti máa ń kọ ọ́ níbi ìsìnkú láyé àtijọ́. Ní 1997, Mary Moran, ọmọ Amelia, dé abúlé náà.

Ṣùgbọ́n ní 1942, ìjọba àpapọ̀ ti lé àwọn ará Harris Neck kúrò nítorí pápá ọkọ̀ òfúrufú. Ní 1962, ó sọ ilẹ̀ náà di ibi ààbò àwọn ẹyẹ. Ní Sapelo, òfin 2023 gba ilé ńláńlá láyè ní Hog Hammock, ẹ̀rù sì ba àwọn ọmọ onílẹ̀ pé owó orí ilẹ̀ yóò lé wọn lọ.

Orin lè wà nínú ẹ̀rọ fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Èdè ń fẹ́ ilé tí ọmọdé àti àgbà jọ ń gbé. Ẹni tí ó bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn.