Lẹ́yìn Náà Ńkọ́?

(Ìró ọkọ̀ lójú títì. Ó rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohùn àgbàlagbà: "Ààlọ́ o!" Ohùn àwọn ọmọdé: "Ààlọ̀!")

ATỌ́KÙN: Ìlọrà la wà yìí, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe dáhùn. Wọ́n ti yọ̀ǹda etí fún apààlọ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi falẹ̀. Kíá ni yóò ti sọ pé ìyàn mú, ebi ń pa Ìjàpá. Wàhálà ti dé, ara ọmọ kò lélẹ̀ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ẹni tó ń kọ̀wé. Ẹni tó kọ ìtàn àròsọ ní Ìlọrà, tó fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní London, aṣojú òǹkọ̀wé ni yóò sábà kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́ sí. Aṣojú ló ń bá a wá ilé ìtẹ̀wé. Nínú 100 pọ́n-ùn tó bá wọlé fún òǹkọ̀wé, nǹkan bíi 15 ni ti aṣojú. Bí ìwé kò bá rí ẹni rà á, òfo ni. Orí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ aṣojú ń béèrè. Bí ìyẹn kò bá wọ̀ wọ́n lọ́kàn, ìyókù kò ní dé iwájú wọn.

Kí ló ń sú wọn? Akọni jí, ó wẹ̀, ó mu ẹ̀kọ, ojú ìwé mẹ́wàá ti lọ, ohunkóhun kò tíì ṣẹlẹ̀. Òǹkọ̀wé mìíràn á ti ka ìran baba àti ìyá tán kí a tó mọ ẹni tí à bá káàánú. Òmíràn á da orúkọ èèyàn mẹ́jọ bò wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo rẹ̀ lè wúlò, àsìkò rẹ̀ ni kò tíì tó.

(Ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́.)

Ẹ wo ẹni tó mọ bí a ṣe ń mú òǹkàwé dání: ní 1929, I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, bí lẹ́tà sí olóòtú. Obìnrin tí àìsàn ti wọ̀ lára ló ń jẹ́wọ́ ayé tó ti jẹ. Àwọn òǹkàwé gbà pé èèyàn gidi ni, wọ́n ń kọ̀wé ránṣẹ́. Ẹni tí ìtàn kò bá mú lónìí kò ní ra ìwé ìròyìn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní 1930, ìtàn náà di odidi ìwé.

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé Ìlọrà, Fìdítì àti Ọ̀yọ́, ẹ wá ibi tí ayé ti kọ́kọ́ dojú rú fún ẹni tí ẹ ń sọ ìtàn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ojú ìwé 20 ló wà, ẹ gbé e wá síwájú. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ojú ìwé àkọ́kọ́ sókè fún ẹnìkan nínú ilé, kí ẹ sì dákẹ́. Bí ó bá béèrè pé, "Lẹ́yìn náà ńkọ́?", ó ti dá yín lóhùn "Ààlọ̀" nìyẹn.

(Ohùn àwọn ọmọdé: "Ààlọ̀!" Orin ìparí.)